Fáànù Tó Ń Ké Lásán

Òwú kan tí kò gùn ju ìbú ọwọ́ lọ ni Perpétue so mọ́ ṣóńṣó igi, ó nà án sí iwájú fáànù tó wà lára ògiri, ó sì ní kí Marlène tan fáànù náà. Fáànù náà ké. Ó ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹlé tó bà sórí páànù fi fò lọ. Ṣùgbọ́n òwú náà kò sáré lọ bá a, bí ó ti yẹ kí ohun fífúyẹ́ sáré lọ bá ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́. Ó gbọ̀n díẹ̀, ó rọ̀, nígbà tó yá ó tilẹ̀ yí orí padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú igi lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ wò ó," ni Perpétue wí.

Grégoire wò ó. Ọjọ́ kẹsàn-án nìyí tí Isabelle, ìyàwó rẹ̀, ti kú nínú gbọ̀ngàn yìí, ní ọ̀sán gangan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada tó ti ń yan gàrí, tí fáànù yìí kan náà sì ń ké lókè orí rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta mìíràn dákú lọ́jọ́ náà. Wọ́n jí ní ilé ìwòsàn. Isabelle kò jí. Dókítà ní afẹ́fẹ́ olóró tó máa ń ti inú èédú jáde ló pa á, èyí tí ojú kì í rí, tí imú kì í sì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni ni pé kí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ má baà dúró sínú ilé ni wọ́n ṣe ra fáànù, fáànù náà sì ń yí lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ràmọ́nù, oníṣẹ́ iná tó yan fáànù náà tó sì gbé e sára ògiri, ti wà ní àtìmọ́lé láti ọjọ́ ìsìnkú. Grégoire ló lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ọkọ̀ ọlọ́pàá yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, ẹni tó bá sì ti dé ọ̀hún kì í tètè padà wá sílé.

"Ó ń tu afẹ́fẹ́ náà padà sínú ilé," ni Grégoire wí. "Mo ti sọ ọ́. Ó gbé wáyà sódì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Perpétue kò kọ nǹkan kan. Obìnrin kúkúrú ni, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá Ìdáàṣà, ọmọ agbègbè Kèrè tí ìyá rẹ̀ yan gàrí títí ó fi darúgbó. Kì í gbé ohùn sókè, kì í sì í tètè gba ohun tó bá kọ́kọ́ jọ òtítọ́.

"Ìyá, ẹ pa fáànù náà," ó wí fún Marlène, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. "Ìgbà wo ni Ràmọ́nù fọwọ́ kan iná yìí gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ méjì kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Iná lọ, nígbà tó dé, fáànù ò dìde. A pè é, ó wá, ó tún un ṣe."

"Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti rí báyìí?"

"Rárá o, ohùn yẹn ti yí padà tipẹ́. Kó tó di ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́ ni. À ń kọ́ orin àwọn òkú níhìn-ín, a ò gbọ́ ara wa mọ́, ńṣe ló ń mí bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè." Marlène dákẹ́ lójijì, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ẹ̀gún. "Ó lè má jẹ́ ìgbà yẹn. Mi ò mọ̀ mọ́."

Ó ń wo ilẹ̀. Grégoire rí i pé ilẹ̀ ló ń wò, ó sì rò pé ìbànújẹ́ ni.

*

Fáànù náà kò tú afẹ́fẹ́ sí gbangba. Ọ̀pá èéfín kan, tí wọ́n fi páànù yí, gbà á lẹ́yìn ògiri. Ó yà sí ọwọ́ òsì, ó gun òkè díẹ̀, ó tún yà, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta ńlá kan kọjá, ó yà lẹ́ẹ̀kẹta, kó tó wá yọ ẹnu sí ìhà ọ̀nà oko. Perpétue fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó jẹ́ ogún ìṣísẹ̀ ó lé méjì.

Lábẹ́ àpáta yẹn ni ẹbí Grégoire ń sin òkú wọn sí láti ìgbà tí àwọn baba ńlá wọn ti dé òkè yìí. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, tó ní àgbélébùú igi lórí, tí ọyẹ́ sì ti mú kí erùpẹ̀ rẹ̀ gbẹ funfun. Grégoire kò wo ìhà ibẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn Perpétue.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ti lóṣòó síbi tí ọ̀pá parí sí, pẹ̀lú eérú ní àtẹ́lẹwọ́. Ó ké sí Marlène pé kó tan fáànù. Eérú náà dúró. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní ọwọ́ rẹ̀, ó ń lọ síta, bí ìgbà tí aláìsàn bá ń mí.

"Ó ń jáde," Perpétue wí.

"Ṣé ìyẹn ni jíjáde?"

"Kò tó nǹkan, Bàbá, ṣùgbọ́n síta ló ń lọ. Bí irú fáànù yìí bá ń yí sódì, ńṣe ni yóò fa eérú mi wọlé. Wáyà kọ́."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Isabelle jáde ni Grégoire ti di wáyà yẹn mú bí ẹni tó di okùn kànga mú. "Àlòkù ni Ràmọ́nù tà fún wa nígbà náà. Òkú ọjà ni."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Àbí nǹkan dí ọ̀pá náà. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí gbèrú."

"Ìyẹn náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Perpétue mú òkúta, ó ń fi lu ọ̀pá náà láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé etí sí i. Ó ń dún gbọ̀ngbọ̀n ní gbogbo ibi. Ó ti ọparun gígùn wọ ibẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Ewé gbígbẹ díẹ̀ àti òkú alángbá kan ló jáde. Grégoire dúró ti alángbá náà bí ẹni pé ó lè sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi ẹni tó rà á," Perpétue wí. "Ẹ bá mi ká lọ, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mú ẹjọ́ wá, ẹ̀yin náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀."

*

Ní iwájú kọmísáríà, Hàlímọ̀tù, ìyàwó Ràmọ́nù, jókòó sórí òkúta pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ tí wọn kò tíì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó rí Grégoire, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Grégoire kọjá lára rẹ̀. Ọmọlúàbí ni, kò tíì ṣe irú rẹ̀ sí obìnrin rí.

Wọ́n mú Ràmọ́nù jáde. Ọkùnrin tó máa ń dá àpárá lọ́jà ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje nínú àtìmọ́lé ti jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Grégoire kó tó jókòó. Kò sí ẹni tó ní kó dìde, ó dìde fúnra rẹ̀.

"Ràmọ́nù, irú fáànù mélòó ló wà fún iṣẹ́ báyìí?"

"Méjì tó gbajúmọ̀, Madaamu."

"Sọ wọ́n fún mi bí ẹni pé ìyá mi lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ṣé ìyá yín mọ̀ nípa iná?"

"Gàrí ló mọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lójú Ràmọ́nù, kò yọ tán. "Ó dáa. Èkíní ní ewé gbàràgàdà bí èyí tó ń yí níwájú ọkọ̀ òfúrufú. Elíìsì là ń pè é. Òun lẹ rí lára ògiri yẹn. Ó lè kó gbogbo afẹ́fẹ́ inú ilé kan dà síta kí ẹ tó ka ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà nìkan ló mọ̀, kò mọ ìrìn àjò. Bí ẹ bá ní kó ti afẹ́fẹ́ gba ibi tóóró tó jìn, tó sì ní igun, agbára rẹ̀ á pin. Á máa yí, á máa pariwo, afẹ́fẹ́ á máa yí lójú kan pẹ̀lú rẹ̀."

"Èkejì?"

"Èkejì wà nínú ìkarahun bí ìgbín. Ẹskagó lorúkọ rẹ̀. Kì í kó afẹ́fẹ́ púpọ̀ tó elíìsì, ṣùgbọ́n ó lágbára ọrùn. Á tì í gba inú ọ̀pá, á kọjá igun, á kọjá òkè."

"Kí ló wá dé tí o fi yan èyí tí kò lágbára?"

"Ta ló ní kò lágbára? Ògiri kan péré ni wọ́n fi hàn mí, Madaamu. Ihò kan lára ògiri, ìta ló kù. Ẹni tó bá ra ẹskagó fún ihò ògiri, àdá ló fi ń gé èékánná."

"Ọ̀pá èéfín ńkọ́?"

Ràmọ́nù wò ó. "Ọ̀pá wo?"

Aago ara ògiri ń ró.

"Irọ́ ló ń pa," ni Grégoire wí. "Ó wá síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Gbogbo ayé ló ń rí ọ̀pá yẹn."

"Bàbá, ẹnu ọ̀nà iwájú ni àpótí iná wà. Fíúsì ló jó. Mo pààrọ̀ rẹ̀, fáànù dìde, mo lọ. Mi ò dé ẹ̀yìn ilé." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ le. Mi ò ní parọ́. Mo rò pé ìyẹ̀fun gàrí ló bò ó. Mo ní n óò padà wá nù ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo òru ni ohùn yẹn ń dún sí mi létí níhìn-ín."

"Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọ́n fi ọ̀pá sí i?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Perpétue yíjú sí Grégoire. "Bàbá, ta ló sọ fún un?"

Grégoire la ẹnu. Ó wá orúkọ kan, kò rí i. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ oníṣẹ́ ni kí oníṣẹ́ mọ̀. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde.

*

Gervais ajórin ló yí ọ̀pá náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Glazoué. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú oníbàárà kan. Bó ti rí Grégoire lẹ́yìn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Gervais, ìwọ lo ṣe ọ̀pá èéfín ilé gàrí?"

"Èmi ni, Madaamu."

"Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún ọ?"

"Ẹgbẹ́ ni."

"Ẹgbẹ́ kò lẹ́nu. Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Àwọn àgbà."

"Àgbà wo nínú wọn?"

Gervais tẹ orí ba. Ó fi ẹsẹ̀ gbá páànù kékeré kan síhìn-ín, ó gbá a sọ́hùn-ún. "Irin ni mo mọ̀, Madaamu. Wọ́n ní kí n ṣe é, mo ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí n di ẹni tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀."

"Ràmọ́nù yóò kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́la, nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá."

"Mo mọ̀," ni Gervais wí, ohùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi àti òun la jọ kọ́ṣẹ́ ládùúgbò kan náà." Kò gbójú sókè síbẹ̀.

Grégoire ò lè fara dà á mọ́. "Sọ̀rọ̀, Gervais. Kí lò ń bẹ̀rù? Ìyàwó mi ló kú."

Gervais wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Lẹ́yìn náà ó tún dojú kọ ilẹ̀.

Perpétue ti rí ohun tó fẹ́ rí. "Mú sípánà rẹ," ó wí. "A fẹ́ lọ tú ọ̀pá náà lára ògiri."

*

Oòrùn ti ń rọ nígbà tí Gervais tú ìdè ọ̀pá náà, tó sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò fáànù wá ń wo ìta tààrà. Perpétue tún di igi rẹ̀ mú, Marlène sì tan iná.

Ohùn fáànù náà yàtọ̀. Ó rọ̀, ó dán, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Òwú náà nà gbọnrangandan sí ọ̀nà fáànù, kò rọ̀, kò padà. Ìyẹ̀fun gàrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gbéra nílẹ̀, ó gba ihò náà jáde.

"Ẹ tún un dè."

Gervais tún un dè. Fáànù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òwú náà rọ̀ wálẹ̀.

Kò sí ẹni tí kò rí i. Fáànù kò bàjẹ́. Wáyà kò yí sódì. Nǹkan kan kò dí ọ̀pá. Ohun rere méjì ni wọ́n so pọ̀ tí wọn kò bá ara wọn mu, ẹ̀mí sì bọ́ sí àárín wọn.

"Ìyá Marlène," Perpétue wí, "ọ̀pá ti wà níbẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló pa èèyàn?"

"Àwọn fèrèsé ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọyẹ́ kọ́kọ́ dé gidi, eruku ń wọ inú gàrí. A tì wọ́n."

"Igi lẹ sì fi ń dáná tẹ́lẹ̀. Mo rí eérú igi lẹ́yìn ilé. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo èédú?"

Marlène fi ìkangun aṣọ rẹ̀ nu ẹnu. "Nígbà tí èéfín ń padà wá bá wa."

"Èéfín ń padà. Kí lẹ ṣe sí i?"

"A fẹ́ sọ. Isabelle ló ní ká má sọ. Ó ní ká máa lo èédú, pé èédú kì í rú èéfín, pé kò ní sí wàhálà mọ́. Ó ní kò yẹ ká tún lọ da ọkàn…"

"Ká lọ da ọkàn ta rú?"

Fáànù ń ké lókè orí wọn. Marlène àti Gervais jọ ń wo ilẹ̀. Perpétue na ọwọ́, ó pa iná náà fúnra rẹ̀. Ó wá bọ ọwọ́ sínú àpò, ó mú ìwé kan jáde tí wọ́n fi ọ̀rá wé.

"Ìwé dẹfí nìyí, ìwé ètò iṣẹ́ àti iye owó rẹ̀, tí Ràmọ́nù kọ fún ẹgbẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Marlène ni mo ti gbà á. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kà á fún àwọn obìnrin nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà."

Grégoire gba ìwé náà. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ òwú fún ọdún mẹ́tàlélógún, ìwé kì í bà á lẹ́rù. Ó wo Faransé náà, ó ń sọ ọ́ ní èdè ilé, bí ó ti ṣe ní oṣù kẹjọ, tí Isabelle jókòó ní ìlà iwájú pẹ̀lú àwọn ìyókù.

"Fáànù elíìsì kan, ti ara ògiri. Wáyà, mítà mẹ́jọ. Àpótí iná kan." Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Àkíyèsí. Fáànù yìí kò gbọdọ̀ ní ọ̀pá. Bí ẹ bá fẹ́ fi…"

Ohùn rẹ̀ dúró.

"Ẹ parí rẹ̀, Bàbá," ni Perpétue wí, jẹ́jẹ́.

"Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀pá sí i, ẹ pè mí, a óò pààrọ̀ fáànù."

Ó rántí ọjọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí ọdún àwọn òkú pé. Ó gòkè wá gbá ibojì ìyá rẹ̀, ó rí i pé èéfín ilé gàrí ti kun àpáta dúdú, láti òkè dé ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí. Òun ni olórí ẹbí. Ó ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, pé kí wọ́n wá ọ̀nà gbé èéfín náà gba ibòmíràn. Ó lọ bá Gervais fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ júwe igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nílé, Isabelle ń gbé omi kaná. Ó ní, "Bàbá Diane, ṣé kí a pe Ràmọ́nù kó wá wò ó ná?" Òun sì dáhùn pé, "Ọ̀pá lásán ni. Ṣé Ràmọ́nù ló ń bá mi sin àwọn òbí mi?" Isabelle kò sọ̀rọ̀ náà mọ́. Kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ ti mọ̀," ó wí fún Perpétue.

"Mi ò mọ̀. Mo fura ni, láàárọ̀ yìí, nígbà tí Ìyá Marlène wo ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń bo ọ̀daràn, wọn ì bá máa wo ojú mi, kí n lè gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń wo ilẹ̀ fún, ẹni tó wà níwájú wọn ni. Mo sì wo ẹ̀yìn mi, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ẹ̀yin méjèèjì?" Grégoire ti yíjú sí Marlène àti Gervais.

Marlène ló dáhùn. "Bàbá Diane, ta ló máa sọ ọ́? A kì í ka ẹ̀bi sí ọlọ́fọ̀ lọ́rùn kí wọ́n tó ṣe Mísà ogójì ọjọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. A ní tó bá di ogójì ọjọ́, a ó wá ọ̀rọ̀ náà sọ."

"Ràmọ́nù ńkọ́?"

"A ní bóyá yóò lè mú un mọ́ra di ìgbà náà."

*

Ní kọmísáríà, Grégoire fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fa ẹjọ́ tí òun pè sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ dáadáa, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ. Lẹ́yìn náà ó na kálámù sí Perpétue.

"Ẹ wá kọ tèmi."

"Kí ni kí n kọ, Bàbá?"

"Pé èmi ni."

"N óò kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba yóò kà á. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, yóò kà á tán, yóò sì pa fáìlì náà dé."

"Ẹ tì mí mọ́lé."

"Yàrá kan ṣoṣo la ní. Ràmọ́nù ló wà níbẹ̀, ó sì ń jáde."

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dáhùn fún ikú yìí," ni Grégoire wí. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló ti ń sọ gbólóhùn yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́.

Perpétue kó ìwé rẹ̀ jọ. "Mo lè fi ọkọ̀ gbé yín délé," ó wí.

Ràmọ́nù jáde. Hàlímọ̀tù di apá rẹ̀ mú, kò sunkún, ó kàn ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ràmọ́nù nínú lọ́hùn-ún. Grégoire dìde. Ó rò pé ọkùnrin náà yóò bú òun, ó sì dúró dè é. Ó tilẹ̀ fẹ́ kó bú òun.

Ràmọ́nù dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Mi ò láàyè láti wá kí yín láti ìgbà yìí."

"Dìde," ni Grégoire wí. "Jọ̀ọ́, dìde. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó wà nílẹ̀."

Ràmọ́nù dìde, ó gbọn eruku orúnkún. "Àwọn obìnrin ní wọn ò yan gàrí láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin ń bàjẹ́. Ẹskagó tó lè bá ọ̀pá yẹn lò, Kùtọnu ni wọ́n ti ń gbé e wá, ó di ìgbà tí ẹgbẹ́ bá lágbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀pá kúrò, èyí tó wà níbẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ lọ́la." Ó dúró. Ó mọ ibi tí ihò fáànù náà kọjú sí. "Ẹ̀yin lẹ máa sọ, Bàbá. Orí àpáta yín ni èéfín yóò máa lọ."

"Orí ìyàwó mi," ni Grégoire wí.

Ràmọ́nù tẹrí ba.

"Wá lọ́la. Kí Gervais náà wá."

*

Ní àárọ̀, ọyẹ́ bo òkè náà tó bẹ́ẹ̀ tí orí àpáta kò hàn. Ràmọ́nù gun àkàbà, Grégoire ló di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú. Gervais gba ọ̀pá náà ní ègé mẹ́rin, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nínú ilé, Marlène ní igi ni kí wọ́n fi dáná, pé èéfín igi ń kìlọ̀ fúnni. Wọ́n fi igi dáná. Wọ́n ti fèrèsé nítorí eruku, ẹnì kan sì tan fáànù.

Èéfín náà yọ lójú ihò, ó nípọn, ó ń jáde wọ́ọ́rọ́, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ sínú ilé. Ó kọjá lórí àkàbà, ó lọ tààrà. Ó bo àgbélébùú tuntun náà, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé e kúrò níbẹ̀.

Ràmọ́nù sọ̀kalẹ̀. Ó yọ orí wọlé wo àwọn obìnrin, ó yọ ọ́ jáde.

"Ilé mọ́ kedere. Kò sẹ́ni tó ń húkọ́," ó wí. "Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

Grégoire kò tíì fi àkàbà sílẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."